Ìyá Tó Sọ Ìfẹ́ Di Gbèsè

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin àgbààgbà ẹbí tí ẹjọ́ ilé máa ń dé iwájú yín, ọ̀dọ̀ yín ni a dojú ọ̀rọ̀ kọ lónìí. Ọ̀rọ̀ fíìmù kan ni. Àkọlé rẹ̀ ni Beau Is Afraid, ìyẹn ni pé ẹ̀rù ń ba Beau. Ari Aster, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, òun náà ló sì darí rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní sinimá lọ́hùn-ún. Joaquin Phoenix ló ṣe Beau, Patti LuPone ló ṣe ìyá rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ó dín ìṣẹ́jú kan ni ènìyàn yóò fi jókòó tì í. Ó ń pani lẹ́rìn-ín, ó ń dẹ́rù bani, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ sì dàbí àlá ẹni tí ibà ń ṣe. Mílíọ̀nù 35 dọ́là ni wọ́n ná sí i, ohun tó pa wọlé ní sinimá kò sì tó ìdajì rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀: fíìmù àgbàlagbà ni. Ìhòòhò wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ìpànìyàn wà níbẹ̀. Ẹ má kó àwọn ọmọ jọ síwájú rẹ̀. A kò kọ èyí láti bá wọn polówó ọjà. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé èrò méjì ló sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó wò ó, a kò sì fara mọ́ ìkankan nínú wọn. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ wèrè lásán ni, kò sí ọgbọ́n níbẹ̀. Àwọn kan ní ṣe ló ń bú ìyá, ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún òbí kò gbọdọ̀ bá wọn fojú kàn án. Tiwa ni pé fíìmù náà di òótọ́ kan mú tí ọ̀pọ̀ ilé ń sá fún: òbí lè sọ ìfẹ́ di gbèsè tí ọmọ kò ní san tán láéláé. Ó sì tún gbójú fo ẹnì kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbójú fò. A ó dé ọ̀dọ̀ ẹni náà.

Beau jẹ́ àgbà ọkùnrin tó ti ń hewú, àpọ́n, tó ń dá gbé nínú ilé àyágbé kan ní ìlú ńlá kan tí kò sí ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀, nítorí pé àyájọ́ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú ti dé. Ní òru tó ṣáájú ìrìn àjò náà, aládùúgbò kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìwé sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pé kó dín ariwo kù. Beau kò pariwo. Ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn. Ìwé mìíràn tún wọlé, ìbínú inú rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó yá, aládùúgbò náà tan orin sókè láti fi gbẹ̀san ariwo tí ẹnikẹ́ni kò pa. Oorun kò kun Beau àfi ìgbà tí ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, ó sì sùn kọjá àkókò. Bó ṣe ń kánjú jáde, ó fi kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn, ó sáré padà wọlé lọ mú nǹkan kan tó gbàgbé, nígbà tí yóò fi jáde, wọ́n ti jí kọ́kọ́rọ́ àti àpótí rẹ̀ lọ.

Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù láti ṣàlàyé. Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Ìyá náà kò pariwo, kò bú u, kò ṣépè. Ó dákẹ́. Ohùn rẹ̀ wá tutù bí omi orí àpáta, ó ní ó dá òun lójú pé ọmọ òun yóò ṣe ohun tó bá tọ́. Ó parí. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún wá dúró gbagidi bí ọmọ tó fọ́ àwo, kò mọ ibi tí yóò gbà.

Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn? Ẹgba a máa tán lára. Èébú, bó pẹ́ bó yá, a ó gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òbí tó dákẹ́ tó ń ṣírò, tí kò sọ iye tí o jẹ, tí kò sì sọ pé o ti san tán, kí ni ọmọ yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ìyá Beau kò fi ìkankan bá a wí, nítorí náà kò sí èyí tí yóò fi fà á mọ́ra. Ìbáwí ní òpin. Ìdákẹ́jẹ́ yìí kò ní.

Nígbà tí Beau tún pe fóònù náà, àjèjì kan tó wá jíṣẹ́ ẹrù ló gbé e, ó ní òun bá òkú obìnrin kan nínú ilé, àtùpà ńlá tí wọ́n so mọ́ àjà ti já lu orí rẹ̀, orí náà kò sì sí mọ́. Láti ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti dàrú. Ọkọ̀ kọlu Beau, wọ́n gún un lọ́bẹ, tọkọtaya kan gbé e lọ sílé láti tọ́jú rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kó lọ. Ó sá wọ igbó, ó bá àwọn eléré orí ìtàgé pàdé níbẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ilé ìyá rẹ̀, ìsìnkú ti parí. Ìgbà yẹn ni ìyá náà jáde sí i, láàyè. Kò kú. Ó dán ọmọ rẹ̀ wò ni, láti mọ̀ bóyá yóò tètè wá.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a dúró lórí irọ́ kan tí ìyá yìí pa kí a tó dórí ikú tó fi ṣeré. Láti kékeré ni ó ti sọ fún Beau pé bàbá rẹ̀ kú ní òru gan-an tí wọ́n lóyún òun, pé àrùn ọkàn ni, pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, pé bí òun náà bá súnmọ́ obìnrin, ikú ni. Ọmọ náà gbà á gbọ́. Kò fẹ́ ìyàwó, kò bímọ. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ mọ ara wọn nígbà èwe, Elaine, ni ó fi ọkàn sí láti ọjọ́ yẹn. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wò ó, ìyá náà kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀, kò fi ẹ̀wọ̀n dè é. Ìbẹ̀rù ló fi dè é, ìbẹ̀rù náà sì ń bá a lọ síbi gbogbo, ó dájú ju ẹ̀wọ̀n lọ.

Ẹ má sọ pé Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: ìwọ ni mo tìtorí rẹ̀ wà nílé ọkọ, bí kì í bá ṣe tìrẹ ni, ibi tí mo bá wà báyìí kò ní jẹ́ ibí, bí mo bá kú lónìí, ìwọ lo pa mí. Ẹni tó sọ ọ́ lè gbàgbé rẹ̀ kó tó di alẹ́. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún, ó lè pé àádọ́ta ọdún kó ṣì máa gbọ́ ọ létí nígbàkigbà tí fóònù bá dún.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń gba ènìyàn nímọ̀ràn nínú ìjọ gbọ́. Beau ní agbanimọ̀ràn kan, dọ́kítà ọkàn, tó ń tú inú rẹ̀ fún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ọkùnrin náà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, Beau kò dáhùn tán tí ó fi kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé rẹ̀ pé ó jẹ̀bi. Ní ìgbẹ̀yìn, a wá rí i pé gbogbo ohun tí Beau sọ nínú yàrá yẹn ni wọ́n ti gbà sílẹ̀, tí wọ́n sì ti gbé fún ìyá rẹ̀. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín. Àwa kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ọ̀dọ́ mélòó ló ti tú àṣírí rẹ̀ fún àgbà kan lẹ́yìn ìsìn, tó délé tó bá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá rẹ̀? Lẹ́yìn èyí, a ó tún máa béèrè pé kí ló dé tí ọmọ yìí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ọmọ fún òbí láìjẹ́ pé ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wà nínú ewu, olófòófó ni, ì báà jẹ́ pé bébà ìjẹ́rìí rẹ̀ kún ara ògiri.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa àníyàn fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà á sí àìsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2019, mílíọ̀nù 301 ènìyàn ni àìsàn àníyàn ń bá jà káàkiri ayé, mílíọ̀nù 58 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Kì í ṣe ìdààmú ọkàn tó máa ń bá gbogbo ènìyàn nígbà ìdánwò tàbí nígbà àìsówó ni à ń sọ. Èyí tí kì í lọ ni: àyà a máa já, mímí a máa ṣòro, oorun kò ní wá, ọkàn yóò máa sọ fún ẹni náà pé ó ti ṣe ohun burúkú kan tí kò mọ̀. Ẹ rántí ìwé tí wọ́n tì sábẹ́ ilẹ̀kùn Beau. Kò pariwo, síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé bóyá òun ló ń pariwo. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìtọ́jú wà fún un, yálà nípa ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tàbí nípa oògùn, tàbí méjèèjì pọ̀. A ń gbàdúrà, a kò sì dá àdúrà dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gbọ̀n bá wá sọ́dọ̀ yín, tí ìbéèrè àkọ́kọ́ yín bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀, ìwé mìíràn lẹ tún tì sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Mona ni orúkọ ìyá náà, Mona Wassermann, olówó ni. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ni ohun gbogbo. Àmì rẹ̀, MW, fara hàn láàárín àmì àwọn tó ṣe fíìmù náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ojú kì í tètè rí i. Oúnjẹ inú páálí tí Beau ń jẹ, MW. Nígbà tí Beau dé ilé ìyá rẹ̀, àwòrán ìpolówó ilé iṣẹ́ náà wà lára ògiri, ilé tí Beau ń gbé ní àdúgbò eléwu yẹn sì wà lára ohun tí ìyá rẹ̀ fi ń yangàn pé òun ṣe fún àwọn aláìní. Àwòrán ńlá kan tún wà níbẹ̀: ojú Mona ni, ṣùgbọ́n fọ́tò kéékèèké àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tò pọ̀ tó fi di ojú rẹ̀. Dọ́kítà tó gbé Beau sílé láti tọ́jú rẹ̀ wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ní ìdajì àkọ́kọ́, fíìmù náà fi àwọn tálákà ìgboro ṣe ẹ̀rín. Ẹni tí kò nílé, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ẹni tó ń jó níhòòhò, gbogbo wọn rọ́ wọ ilé Beau bí eṣú, àwọn òǹwòran sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan lè sọ pé ojú Beau ni a fi ń wo ìgboro yẹn, pé ìbẹ̀rù rẹ̀ ló sọ wọ́n di ẹranko. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rín náà jáde, orí aláìnílé ló sì jáde sí. Ó di ọwọ́ ìparí kí a tó mọ̀ pé ẹni tó ní ilé náà, ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń fi ìdẹ̀ra fún aláìní polówó ara rẹ̀, ẹnì kan náà ni. Ohun tó yẹ kó mú wa bínú láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi pamọ́ sára ògiri, ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá yá kò ní rí i.

Nísinsìnyí, òkú tí kò lórí yẹn. Òkú wà nínú pósí nígbà tí Beau dé ilé. Ó wo ọwọ́ òkú náà, ó rí àmì kan lára rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. Martha ni. Martha ni obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé fún ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí Beau ti wà ní kékeré. Nítorí pé Mona fẹ́ mọ bóyá ọmọ òun fẹ́ràn òun, òṣìṣẹ́ ilé rẹ̀ kú ní ipò rẹ̀. Mona sì ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ owó ọjà: ìfẹ́ ló mú Martha ṣe é, wọ́n sì ti fi owó tẹ́ àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́rùn. Ó kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà, ó padà sórí ẹ̀sùn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkà wa, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ máa sọ nípa fíìmù yìí ni ẹranko abàmì tó wà ní òkè àjà. A kò bẹ̀rù ẹranko yẹn. Rọ́bà ni. Martha ló ń já wa láyà. Òun ni ó fọ aṣọ, òun ni ó se oúnjẹ, òun ni ó mọ ọmọ náà dé ibi tí ọmọ fi lè dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ nínú pósí. Ìyá àti ọmọ ń jà lórí ta ló fẹ́ràn ta, ta ló jẹ ta ní gbèsè, òṣìṣẹ́ wọn ló sì fi ẹ̀mí san án. Fíìmù náà fún un ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ibi tí a ti bá Ari Aster jà nìyí. Ó mọ Martha tó láti pa á, kò mọ̀ ọ́n tó láti jẹ́ kí a sunkún rẹ̀.

Ó sì yẹ kí a bi ara wa léèrè nínú ilé tiwa, nítorí a kò lówó tó Mona, ṣùgbọ́n a ní ọmọ ọ̀dọ̀. Nígbà tí màmá bá bínú sí ọmọ tó bí tí kò sì lè fọwọ́ kàn án, ta ló máa ń gba ìgbátí? Nígbà tí ọkọ àti aya bá ń bára wọn yan odì, ta ló ń jíṣẹ́ láàárín wọn tí ó sì ń jẹ èébú méjèèjì? Ọmọbìnrin tí wọ́n mú wá láti abúlé, tí wọ́n ní àwọn ó rán níléèwé, tó wá di ẹni tí gbogbo ilé ń bínú sí lára. Orúkọ rẹ̀ kò ní í wà nínú ìwé ìdúpẹ́ nígbà ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún màmá.

Àwọn kan yóò ní: Bíbélì sọ pé kí á bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá. Ó sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì yọ ọ́ kúrò. A kò gbè sẹ́yìn ọmọ tó pa òbí rẹ̀ tì sábúlé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Jésù bá wí nínú Máàkù orí keje, nígbà tí wọ́n ń fi ọrẹ tẹ́ḿpìlì bojú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Éfésù orí kẹfà. Àwọn òbí tó fẹ́ràn ẹsẹ kìíní sí ìkẹta nínú rẹ̀ kì í sábà dé ẹsẹ kẹrin, níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà sí bàbá tó ń mú ọmọ bínú. Ẹ kà á tán.

A sì tún ní ẹjọ́ kejì láti bá fíìmù náà rò, torí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ wa na ìyá rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń di gbogbo ẹ̀bi lé ìyá lórí. Ní ọdún 1948, dókítà kan tó lókìkí níbẹ̀, Frieda Fromm-Reichmann, kọ ọ́ pé irú ìyá kan wà tó ń fa wèrè sára ọmọ. Ní ọdún 1967, Bruno Bettelheim gbé ìwé jáde tó fi àìsàn autism di ẹ̀bi ìyá tí ọkàn rẹ̀ tutù sí ọmọ. Àwọn onímọ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ti gbé ẹ̀bi yẹn wọ sàárè, ta ni yóò bẹ̀ wọ́n? Beau Is Afraid tún rin ọ̀nà kan náà. Ìyá nìkan ló jẹ̀bi. Bàbá kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ẹ̀sùn. Mona fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé ìyá tó bí òun kò fi ìfẹ́ hàn sí òun, gbólóhùn yẹn sì kọjá lọ bí afẹ́fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn gidi wà. Ẹni tí wọn kò fún ní ohun kan rí ló wá ń fún ọmọ rẹ̀ ní ohun gbogbo, tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ìparí fíìmù náà, ilé ẹjọ́ ni. Beau ti gbá ìyá rẹ̀ lọ́rùn mú nínú ìbínú, ó ti ṣubú, Beau sì sá gun ọkọ̀ ojú omi. Ó wọ inú ihò kan, ó bá ara rẹ̀ láàárín pápá ńlá tó kún fún òǹwòran. Ìyá rẹ̀ wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú agbẹjọ́rò rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn Beau sókè, láti ìgbà èwe rẹ̀: ọjọ́ tó fara pamọ́ fún ìyá rẹ̀ nínú ilé ìtajà tí ìyá ń wá a kiri, àti àwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra ikú Martha ni olùfisùn. Ẹni tí wọ́n purọ́ fún ni ọ̀daràn. Agbẹjọ́rò kan wà tó fẹ́ gbèjà Beau, ó dúró sí ọ̀nà jíjìn, ohùn rẹ̀ kò dé ibikíbi, nígbà tó sì ń gbìyànjú láti pariwo, wọ́n gbé e sọ sórí àpáta. Ọkọ̀ náà dojú dé. Ìyá ké. Àwọn òǹwòran dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá ọ̀nà ilé wọn.

Ẹ̀yin àgbààgbà ẹbí, àyè agbẹjọ́rò tí ohùn rẹ̀ kò dún yẹn ni tiyín. Ìpàdé ẹbí ń bọ̀, kò ní pẹ́ kó tó dé. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ọmọ kan ṣe ní ọmọ ọdún méje sí i létí nígbà tó ti di bàbá ọlọ́mọ, ẹ dá wọn dúró kí wọ́n tó dé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ béèrè ta ni yóò sọ tirẹ̀. Kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí ẹ pe ẹni tó dúró síbẹ̀ tó gbé abọ́ lọ́wọ́, kí ẹ béèrè orúkọ rẹ̀.